Ọmọdé Níbi Ìnáwó: Ìtàn Láti Ìdí Ìkòkò Ẹ̀wà Ìbejì

  Ọdọọdún ni akọ̀wé máa ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ sí ojú ewé yìí: ọdún tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn tó ti jẹ ààrẹ, iye tí a yá ara wa àti iye tó kù nílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ títí, ẹ ti kà á títí, ẹlòmíràn sì ti fi ìwé ti èṣí di àkàrà. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ ìtàn mìíràn, ìtàn bí a ṣe ń ṣe ọmọdé níbi ìnáwó ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti ìgbà àwọn ìyá wa títí di àsìkò tiwa yìí.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ló fa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, a pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a háyà báńsìn kásù, ilé róbà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tí àwọn ọmọ á máa fò lórí rẹ̀, kí a sì pe ẹni tí yóò kun ojú wọn bí ojú ológbò. Àwọn kan ní owó yẹn pọ̀ jù, kí a kúkú kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé kí ẹnikẹ́ni má mú ọmọ wá. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ìyá wa àgbà kan tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ló wá bi wá pé, "Nígbà tí ẹ̀yin wà ní kékeré, kí ni wọ́n háyà fún yín?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo kọ ìbéèrè náà sínú ìwé ìpàdé, ó sì ń bá mi lọ sílé láti ọjọ́ náà.

Orí ẹ̀gúsí ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọmọ Ìbàràpá ni wá. Ìlú méje tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán, àwọn àgbà sọ pé ara bàrà, ẹ̀gúsí tí a fi ń ṣe iṣẹ́ oko, ni orúkọ wa ti jáde. Tí ìnáwó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan, ìsìnkú àgbà ni o, ìgbéyàwó ni o, àpò ẹ̀gúsí á ti dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń bó o nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọwọ́ ọmọdé ni ẹ̀rọ. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ìyá àgbà á tẹ́ ẹní, á da ẹ̀gúsí sáàárín, a ó sì yí i ká, ọmọ ilé àti ọmọ àlejò tó ti dé ṣáájú ọjọ́ ìnáwó. Wọn kì í lu ẹnikẹ́ni kó tó jókòó. Àlọ́ ni owó iṣẹ́ náà.

Ìyá àgbà á kọ́kọ́ fi àlọ́ àpamọ̀ là wá lójú, kí oorun má baà gbé àwọn kékeré lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á máa yangàn, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ àlọ́ àpagbè, tí gbogbo wa á máa gbe orin rẹ̀, tí ọwọ́ wa ò sì ní dúró. Obìnrin náà mọ iṣẹ́. Tó bá ti rí i pé ọwọ́ wa ń rọ, á fi Ìjàpá sílẹ̀ nínú ìjọ̀gbọ̀n tó kó ara rẹ̀ sí nílé àna rẹ̀, á ní òun kò ní sọ bó ṣe bọ́ níbẹ̀ àfi tí igbá bá kún. Igbá á kún kíákíá! Àwa rò pé wọ́n ń dá wa lára yá ni, àṣé iṣẹ́ ni wọ́n ń fi wá ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìnáwó, tí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí jáde, ọmọ ọdún mẹ́fà á na ìka sí i pé, "Èmi ni mo bó o." Ìnáwó náà ti di tirẹ̀.

Wọ́n ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Mo ti ń tajà fúnra mi kí n tó rí ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀: ọ̀sán ni ti oko àti ti ọjà, ẹni tó bá jókòó ti àlọ́ lọ́sàn-án, ebi ni yóò gbè é.

Kì í ṣe ìyá àgbà nìkan ló ń pàlọ́ o. Òyìnbó ológun kan, A. B. Ellis, kọ ìwé kan nípa Yorùbá tó jáde ní 1894. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé àlọ́ ni òwò wọn. Wọ́n á máa ti ìlú dé ìlú, wọ́n á máa pàlọ́ gbowó bí èmi ṣe ń ta ẹ̀wà, wọn a sì máa mú ìlù dání tí wọ́n fi ń dí àlàfo tó bá wà láàárín ọ̀rọ̀. Nítorí náà, àwọn tó ní kí a háyà èèyàn kò jẹ̀bi tán. Bàbá wọn ti háyà rí. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí ẹ wò ni pé àlọ́ àpagbè kò lè lọ tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò bá gbè é. Ọmọ tó jókòó ti apàlọ́ kò kàn la ojú sílẹ̀ kí ó máa wòran. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní 1973, orin inú àlọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé kò lè gbè é. Àwa tí a kà á ní ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ pé ó dákẹ́ ju ti orí ẹní lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti egúngún alárìnjó tí ó máa ń ṣeré níbi ìsìnkú àgbà. Eré yìí ti pẹ́. Nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò náà Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, Aláàfin ní kí wọ́n ṣe é fún un wò. Àwọn kan jó nínú àpò, erè ńlá kan jáde láti inú àpò mìíràn, ìkẹyìn wọn ni egúngún kan tó funfun balau, tó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí, tó sì ń fín áṣáà. Òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́! Gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wojú Clapperton. Òun náà kò bínú, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tiwa, tí alárìnjó bá ti lọ, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ó fi rí àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú àpò gàrí lórí, tí wọ́n ń fi agolo mílíìkì lùlù kiri agboolé. Wọ́n á lé àwa obìnrin títí, a ó sì ju ẹ̀pà fún wọn kí wọ́n lè lọ.

Gbogbo ìwọ̀nyí, ìnáwó àgbà ni wọ́n, tí a fún ọmọdé láyè nínú rẹ̀. Ìnáwó kan wà tó jẹ́ pé ọmọdé gan-an ni àlejò pàtàkì ibẹ̀, òun ló sì mú mi jókòó ti ìwé yìí. Ẹ̀wà ìbejì ni.

Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ ti jẹ ẹ́ débi pé ẹ kò kà á sí ìtàn. Ìlú ìbejì ni gbogbo ayé mọ̀ wá sí. Dókítà Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1969 pé nínú ìbímọ 1,000 níbí, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ìbejì, nígbà tó jẹ́ pé ní Yúróòpù nígbà náà, kò ju nǹkan bí 10 sí 12 lọ. Láti 2018 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ìbejì àgbáyé níbí, tí ìbejì ń wọ aṣọ kan náà jáde láti ibi gbogbo. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ìlasa ló fà á, àwọn kan ní àmàlà ni, àwọn dókítà kò tíì fẹnu kò. Ìyá tó ń ta ìlasa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n kọ ọ́ pé ìlasa ni. Mo ti kọ ọ́.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1975 sí 1985 tí ojú mi tó o. Ìyá ìbejì á mú ọjọ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, á pọn ọ̀kan sẹ́yìn, ẹni tó bá tẹ̀ lé e á pọn èkejì, wọ́n á jó wọ ọjà. Kì í ṣe agbe. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa pè é ní agbe. Bó ṣe ń jó kọjá níwájú àtẹ kọ̀ọ̀kan ni ọlọ́jà á máa na ọwọ́: ẹlẹ́wà á bu ẹ̀wà, elépo á bu epo, aláta á bu ata, oníyọ̀ á bu iyọ̀, ẹni tí kò bá ní ohun tó ṣe é bù á fi kọ́bọ̀ lé ọmọ níwájú orí. Wọ́n gbà pé ìbejì máa ń fi ọrọ̀ san án. Èmi tí mo ń ka owó ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i: kí obìnrin náà tó jó yí ọjà po, ọjà ti ra ẹ̀wà ọ̀la tán. Ìyàwó olówó ń jó, ìyàwó aláìní ń jó, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí kò ní in nílé. Ọmọ aláìní náà yóò sì pe ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun lọ́la bí ọmọ olówó. Alájẹṣẹ́kù nìyẹn, àfi pé kò sí páásìbúùkù.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wà á ti wà lórí iná láti ìdájí. Ẹnikẹ́ni kì í pè wá. Òórùn epo ló ń pè wá. Ìyá ìbejì á kọ́kọ́ bu ti àwọn ìbejì. Tí ọ̀kan bá ti kú, ilé tí wọ́n ti gbẹ́ ère á bu ti ère náà, nítorí pé ẹnì kejì rẹ̀ ń wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá pín àwa tó kù sí ìdí ọpọ́n, mẹ́jọ mẹ́jọ, tí a ó jókòó sílẹ̀ ní agbo. Àgbà kankan kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ títí ọmọdé á fi yó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Níbi ìnáwó tí ẹ lọ ní Sátidé tó kọjá, ta ló jẹun kẹ́yìn?

Mo ti ronú sí i pé kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀wà. Àwọn àgbà ní oúnjẹ tí ìbejì fẹ́ràn ni. Èmi tí mo ń ta á rí i pé kò sí oúnjẹ mìíràn tó bá ọmọdé púpọ̀ mu bẹ́ẹ̀: kóńgò díẹ̀ á wú di ìkòkò ńlá, kò ní eegun tó lè há ọmọ lọ́nà ọ̀fun, kò sì ní ẹran. Ibi tí ẹran bá wà, ìjà wà níbẹ̀. Ẹnì kan á ní tòun kéré, àgbà kan á ní kí wọ́n gbé ti ọmọ wá kóun tọ́ ọ wò. Nínú ẹ̀wà, kò sí ohun tí àgbà fẹ́ yọ mú. Lẹ́yìn ẹ̀wà ni àádùn àti ìrèké, eré sì tẹ̀ lé e, bojúbojú, ẹkùn mẹ́ran, òkòtó, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìyá kan wà tí wọ́n máa ń fi sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọmọ kankan má jáde sí títì. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà, kì í kà wá. Ọpọ́n ló ń kà. Ó mọ̀ pé ọpọ́n márùn-ún ló wà nílẹ̀, ó mọ àwọn tó jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí àyè kan bá ṣí sílẹ̀ ní ìdí ọpọ́n, á ti dìde.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ fi hàn mí nínú fóònù rẹ̀, mo sì ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè kí n tó kọ ọ́. Ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ títí di nǹkan bí 1850, wọ́n ṣì ń se oúnjẹ ìbejì. Wọ́n so ó mọ́ orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ìbejì méjì ti ìjọ Àgùdà, Kọ́símù àti Dàmíánù, ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sì ń ṣe é. Ilá ni olórí oúnjẹ náà, ilá tí wọ́n fi epo pupa sè, pẹ̀lú ẹ̀wà, àkàrà àti ìrèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọdé méje ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún. Wọ́n á jókòó yí abọ́ kan ká ní ilẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ jẹ ẹ́, àgbà á dúró títí wọ́n á fi jẹ tán. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Òkun ńlá ló wà láàárín wa, wọ́n sì ti kúrò nílé láti ayé baba ńlá wọn, síbẹ̀ wọn kò gbàgbé ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ jẹun.

Ojú tì mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Èmi náà bí ìbejì ní 1994. Mo se ẹ̀wà fún wọn ọdún mẹ́rin gbáko, mo jó wọ ọjà, ẹ̀yin mìíràn tó ń ka ìwé yìí fi kọ́bọ̀ lé wọn lórí. Lẹ́yìn náà, níbi tí mo ti ń jọ́sìn nígbà náà, wọ́n sọ fún mi pé ìbọ̀rìṣà ni, kí n jáwọ́. Ìdílé mùsùlùmí kan ní àdúgbò wa gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi náà kò fẹ́ ohun tí yóò yà mí kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, mo sì jáwọ́. Ohun tí kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ ni pé àwọn ọmọdé kò gbọ́. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, wọ́n dé pẹ̀lú abọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, bí ọmọ ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n jókòó sí iwájú ilé. Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹ̀wà mọ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn bi mí pé ṣé ìbejì ti kú ni.

Mo ra búrẹ́dì fún wọn. Wọn kò wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Dípò rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sídéè. Èmi náà ṣe é, mi ò ní purọ́. Kéèkì, bálúùnù, orin láti inú rédíò, ijó yíyí àga po. Ó dùn mọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sídéè gba ìwé ìpè, ìwé ìpè sì mọ ẹni tó ń yàn. Ọmọ tí kò ní bàtà tó dára á dúró lẹ́yìn fèrèsé. Kò sì sí ọjà nínú rẹ̀ mọ́. Òbí nìkan ló ń náwó, ẹni tí kò bá sì ní, ọmọ rẹ̀ kò ní pe ẹnikẹ́ni.

Tẹlifíṣọ̀n náà kó ipa tirẹ̀. Ti Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, ṣùgbọ́n kó tó di ohun tó wọ agboolé tiwa, ó pẹ́. Ẹni tó bá ní in, ilé rẹ̀ á kún tí Bàbá Sàlá bá ń ṣeré, ọmọ àti àgbà á jọ rẹ́rìn-ín. Ní 1984, NTA bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlọ́ fún àwọn ọmọdé, Tales by Moonlight, Ìjàpá wa sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe pé ó burú. Àmọ́ nígbà tí mo bi ọmọ mi pé ibo ni orin àlọ́ náà wà, ó ní àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n ló ń kọ ọ́. Nígbà tí fídíò dé, tí ìnáwó bá wà nílé, wọ́n á kó ọmọdé sínú yàrá kan, wọ́n á tan fíìmù fún wọn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Nísinsìnyí, fóònù ni. Yàrá ti di kékeré, ó ti wọ àtẹ́lẹwọ́.

Ìnáwó àgbà náà kò dúró bó ṣe wà. Àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ tí gbogbo ilé jọ ń pa di kánópì tí a ń háyà. Ẹní di àga róbà, a sì ń ka àga. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka àga, ọmọdé ti wọ wàhálà, nítorí pé àga tó jókòó lé, àlejò tó ra aṣọ ẹbí ló ni ín.

Ní 2009, a sin àgbà kan nínú ẹbí ọkọ mi. Màlúù mẹ́rin ni wọ́n pa. Kánópì kún títì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún débi pé ènìyàn kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ẹni tó ń darí ètò wá láti Ìbàdàn. Èmi wà ní ìdí ìdáná. Ìgbà tí a ń pín ẹ̀bùn fún àwọn àlejò ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bèèrè ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ní mo rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìyá àgbà rò pé ó wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ ò lè mọ bí ara ènìyàn ṣe ń tutù nínú òòrùn àfi tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí. A bẹ ẹni tó ń darí ètò pé kó kéde, ó ní kí olórin parí orin tó wà lẹ́nu rẹ̀ ná, nítorí pé wọ́n ń náwó fún un lọ́wọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n rí i ní gáréèjì, ó jìnnà sí ilé náà dáadáa, ó ti sọdá títì ńlá níbi tí ọkọ̀ Abẹ́òkúta ti ń sáré. Obìnrin kan tó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà ló mú un dání. Ó jókòó tì í, ó ń jẹ gúgúrú. Obìnrin náà ní òun rí i pé aṣọ ẹbí ló wọ̀, òun sì mọ̀ pé ibi tí aṣọ yẹn bá pọ̀ sí ni wọ́n ti ń wá a, òun ti rán ọlọ́kadà kan lọ sọ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni lónìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó wà láàárín yín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo bi ọmọ yẹn pé kí ló lé e kúrò níbi ìnáwó bàbá àgbà rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí òun dìde lórí àga. Nígbà kẹta, òun ò mọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí òun lọ.

Ohun tí mo kà fún ìgbìmọ̀ ní ìpàdé kejì nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́ fún yín yìí. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bọ ìbejì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣe é, ó mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á, kí ó mú orúkọ rẹ̀ kúrò, kí ó pè é ní sààrà tàbí oúnjẹ ọmọdé, kí ó gbàdúrà sí i bó ṣe mọ̀ ọ́n gbà. Èmi ti ń se tèmi padà láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn báyìí, pẹ̀lú àdúrà Jésù, àwọn ọmọ sì ti ń wá. Kódà ní 2024 tí ẹ̀wà wọ́n gógó, mo dín kóńgò kù, mo fi ìṣẹ́ṣu kún un, mo sè é. Ọpọ́n ni mo kọ̀ láti fi abọ́ tékéwéè dípò.

Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i báyìí. Kò sí báńsìn kásù láti inú àpò ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ háyà á, a ó bá a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. A kò sì ní kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé kí ẹnikẹ́ni má mú ọmọ wá. Ní ọjọ́ ọjà tó ṣáájú àjọ̀dún, àwọn ìyá ìbejì mẹ́ta tó wà nínú ẹgbẹ́ yóò jó yí ọjà po, kí kálukú bu ohun tó bá ń tà. Mo ti gba ẹ̀jẹ́ ẹ̀wà kóńgò mẹ́rìnlélógún, epo kègì kan, àti ìrèké láti ọwọ́ àwọn ará Ìdèrè. Agbègbè tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni ti àwọn ọmọdé, kò sí àga níbẹ̀, ẹní la ó tẹ́. Aago méjìlá ọ̀sán ni wọn yóò jẹun, tiwa di aago méjì. Ọpọ́n méjìlá la ti yá, a ti fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn, obìnrin tó ń ta gúgúrú yẹn ló sì ní òun ni yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Àlọ́ nìkan ló kù tó ń fa ọ̀rọ̀. A bẹ ìyá wa tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn pé kó wá pàlọ́ fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní òun kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, kí a má fi àjọ̀dún ba òun jẹ́. Tí a bá fẹ́ kí òun pa á, ó di aago méje alẹ́, kí olórin dákẹ́, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì da ẹ̀gúsí sílẹ̀ láàárín, nítorí pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń pàlọ́ fún ọwọ́ tó dilẹ̀. Àpò ẹ̀gúsí kan ti wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi.